Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Bí A Ṣe Ń Wá Ìwé Ìmọ̀ Ẹ̀dá-Ọkàn Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè, ìdí sì nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò fi lè dá nìkan sọ̀rọ̀ nípa ọkàn àti ìṣesí ọmọ ènìyàn láìkọ́kọ́ tẹ́tí sí ohun tí àwọn aṣáájú ti kọ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ tó wà ní Òró, níbi tí ìmọ̀ ẹ̀dá-ọkàn, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní saikọ́lọ́jì, ti jẹ́ ara ohun tí olùkọ́ lọ́la gbọ́dọ̀ kọ́, títí dé Yunifásítì Landmark tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Òmù-Àrán ní ọdún 2011, apá tó pọ̀ nínú ọgbọ́n yẹn ti bọ́ sínú ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àkójọ ìwé tí a lè ṣí lójú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Ìwé tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè kà tán lọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń padà lọ́wọ́ òfo, nítorí pé wọn kò mọ orúkọ tí àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà ṣáájú fi pè é.

Àpẹẹrẹ kan wà tó kan akẹ́kọ̀ọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí wọ́n ń ráhùn pé orí ń gbóná, pé nǹkan ń rìn káàkiri nínú orí, pé ojú ń ṣe bàìbàì, àti pé ohun tí wọ́n ń kà kò wọlé mọ́. Brain fag ni ó pe àìsàn náà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tó gbé àpilẹ̀kọ náà ń jẹ́ Journal of Mental Science nígbà náà, ó sì di British Journal of Psychiatry ní ọdún 1963, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń fi orúkọ tuntun nìkan wá a lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìwé atọ́nà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní ọdún 1994 ka brain fag mọ́ àwọn àìsàn tó bá àṣà ibì kan rìn, ṣùgbọ́n nínú ti ọdún 2013 kò ní àyè tirẹ̀ mọ́; nígbà tó sì di ọdún 2015, Oyedeji Ayonrinde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí orúkọ náà máa kógbá wọlé.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lórí àárẹ̀ ọpọlọ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Òmù-Àrán, tó sì tẹ brain fag nìkan, yóò rí iṣẹ́ àtijọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwòyí, tí ó ń lo mental fatigue, burnout tàbí academic stress, yóò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kí ó tó tẹ ohunkóhun, ó yẹ kí ó kọ gbogbo orúkọ tí ó lè jẹ́ ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí bébà, kí ó wá fi àwọn ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ tó ti inú iṣẹ́ George Boole, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, jáde so wọ́n pọ̀: OR ń mú àbájáde pọ̀ sí i nítorí pé ó gba èyíkéyìí nínú àwọn orúkọ náà, AND ń dín in kù nítorí pé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ pé, NOT sì ń lé èyí tí a kò fẹ́ sẹ́yìn. Kí ó fi àmì àyọlò yí ọ̀rọ̀ méjì tí kò gbọ́dọ̀ pínyà ká, kí ó fi àkámọ́ yí àwọn orúkọ tí OR so pọ̀ ká, kí AND àti Nigeria sì wà lẹ́yìn àkámọ́ náà. Láìsí àkámọ́ yẹn, ẹ̀rọ náà lè so Nigeria mọ́ orúkọ ìkẹyìn nìkan.

Àwọn tó ń to ìwé sínú ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ní orúkọ tiwọn fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tó wà ní Èsìẹ́ ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1945 gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní 800, ẹni tó bá sì ń wá ọ̀kan pàtó láìní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ yóò pẹ́ kí ó tó rí i. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-ọkàn ní Amẹ́ríkà ṣe fún ọ̀rọ̀ inú ìmọ̀ wọn nígbà tí wọ́n tẹ ìwé atọ́ka ọ̀rọ̀ wọn jáde ní ọdún 1974, kí iṣẹ́ tó dá lórí ohun kan náà lè wà lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, ohun yòówù kí òǹkọ̀wé pè é. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí ìwé kan ṣoṣo tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu, kí ó wo orúkọ atọ́ka tí wọ́n kọ sí i, kí ó sì fi ìyẹn wá ìyókù. Èyí sàn ju kí a máa méfò lọ.

Ohun tó tún máa ń fi ìwé pamọ́ ni pé ìṣúra lè wà nínú orí kan nínú ìwé tí orúkọ rẹ̀ kò jọ ọ́. Iṣẹ́ tí Prince yìí kan náà ṣe lórí ìṣègùn ọpọlọ láàárín àwọn Yorùbá wà nínú ìwé Magic, Faith, and Healing, tí Ari Kiev kó jọ ní ọdún 1964, ẹni tó bá sì ń wá Yoruba nínú àkọlé ìwé kò ní kàn án. Àkọlé kékeré tí ìwé náà ní, tó pe irú ìṣègùn bẹ́ẹ̀ ní primitive, ń gún ni létí, ó sì yẹ kó gún ni. Ṣùgbọ́n olùwádìí gbọ́dọ̀ tẹ ọ̀rọ̀ tí kò dùn mọ́ ọn, nítorí pé òun ni wọ́n ń lò nígbà náà. Bákan náà ni ìwé Psychiatric Disorder among the Yoruba ti ọdún 1963, tí Thomas Adeoye Lambo ti ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta wà lára àwọn tó kọ ọ́, ṣe wà lábẹ́ orúkọ Leighton, tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú lára ìwé. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó lè wà nínú àpò ṣòkòtò, pàápàá bí ẹ̀yìn ìwé bá fi í pamọ́. Ní ti ọ̀rọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, ẹni tó bá tẹ wèrè láìfi àmì sí i, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó wọ́pọ̀ bí omi òjò ni ẹ̀rọ yóò máa kó wá; kí ó so ó mọ́ Yoruba àti psychiatry, kí ó sì dán an wò pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì, nítorí pé àmì máa ń sọnù nígbà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ ya ìwé àtijọ́.

Ní ti owó, kì í tán nínú igbá osùn kí a má rí fi pa ọmọ lára. Ìwé Psychology tí OpenStax gbé jáde ní ọdún 2014, tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2020, jẹ́ ọ̀fẹ́. Àkójọ DOAB ń tọ́ka sí ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé tí a kì í sanwó fún, AJOL sì ń gbé iṣẹ́ àwọn ará Áfíríkà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ibùdó tó ń gbowó, ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ ló ń bá ni sanwó wọn, nítorí náà ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ni kí a ti kọ́kọ́ béèrè èyí tí ó ṣí, kí a sì fi wáífáì ibẹ̀ kó orí ìwé tí a nílò sílẹ̀ kí dátà tó gbowó lápò ẹni. Ibùdó tó ń pín ìwé olówó láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé lè kó kòkòrò sínú kọ̀ǹpútà, ó sì ń kó akẹ́kọ̀ọ́ sínú ìtìjú nígbà tí alábòójútó bá béèrè ibi tí ìwé ti wá. Ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè bí ènìyàn tún ti wá mú ewu tuntun wá: ó lè dárúkọ ìwé, òǹkọ̀wé àti ọdún tí kò sí níbì kankan, nítorí náà ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá ṣí fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ inú iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí a bá wá ń tọ́ka sí ìwé, bí ó bá wà ní PDF, nọ́ńbà ojú ewé rẹ̀ dúró sójú kan. Bí ó bá jẹ́ EPUB, ojú ewé ń yí padà bí ẹni tó ń kà á bá ṣe sọ lẹ́tà di ńlá tó, nítorí náà àkọlé orí àti ìpínrọ̀ ni kí a tọ́ka sí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sì ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọjọ́ tó wá nǹkan, ibùdó tó wọ̀, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ gẹ́lẹ́ pẹ̀lú àwọn AND àti OR rẹ̀, àti iye àbájáde tó rí sí, kí alábòójútó lè tẹ ohun kan náà kí ó sì rí ohun kan náà.