Òfin Ayélujára Tí Ẹ Fẹ́ Kọ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ òfin, mo gbọ́ pé wọ́n ti yan díẹ̀ nínú yín sínú ìgbìmọ̀ tí yóò kọ òfin ìlò ayélujára fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yín. Ó dára bẹ́ẹ̀. Òfin TikTok tí àwa àgbà nìkan bá jókòó kọ, ẹ̀rín ni yóò pa yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú bírò, ẹ bi ara yín pé ta gan-an lẹ fẹ́ dáàbò bò. Bí ẹ bá ní orúkọ ilé-ìwé ni, ẹ ti ṣìnà.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rò ni obìnrin tó wá sí kílíníìkì òfin tí ẹ̀ka yín ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ rẹ̀ lé e jáde, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó tú ikùn rẹ̀ síwájú akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin. Nígbà tó di alẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sórí X pé òun ti rí oníbàárà òun àkọ́kọ́. Kò dárúkọ o. Ó kàn ní aṣọ òkè ni obìnrin náà ń tà, pé ọkọ rẹ̀ ń wa táńkà epo, pé ẹ̀yìn ọjà báyìí ni wọ́n ń gbé. Ta ló kù ní àdúgbò tí kò mọ̀ ọ́n? Ọmọ yẹn kì í ṣe ìkà. Inú rẹ̀ ló dùn. Òfin ìwà àwọn agbẹjọ́rò, ti 2007 àti èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 2023, ti ní kí lọ́yà pa àṣírí oníbàárà mọ́. Ẹni tí wọ́n ti pè sí iṣẹ́ ni òfin náà ń bá wí. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé wíìgì ń gbọ́ àṣírí kan náà, ìwé náà kò sì dè yín. Àlàfo yìí ni kí òfin yín dí. Kí ó sọ ọ́ gbangba pé ohun tí ẹ gbọ́ ní kílíníìkì, tàbí ní ọ́fíìsì lọ́yà tí ẹ ti ń kọ́ṣẹ́, kò gbọdọ̀ dé orí ayélujára, ẹ ìbáà má dárúkọ ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ gúrúpù WhatsApp ẹlẹ́ni mẹ́ta. Ẹjọ́ tí ọ̀gá yín ń rò lọ́wọ́ ní kóòtù, ẹ má bá a rò ó lórí Facebook.

Ti gbígba ohùn olùkọ́ sílẹ̀ nínú kíláàsì kò le: kí ẹ tọrọ àyè. Ti ìbéèrè ìdánwò tó ń jáde lórí Telegram, òfin ìdánwò ti wà fún un, ẹ má tún un kọ.

Ibi tí ẹ ó ti jà nìyí. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ yóò dábàá pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ gbé ohun tó lè tàbùkù ilé-ìwé sórí ayélujára. Ẹ má gbà. Bí ọmọ bá ya fídíò omi ẹ̀rọ tí kò yọ ní họ́sítẹ́lì, àbùkù ni àbí òótọ́? Ẹ ti ka ẹjọ́ Aoko àti Fágbèmí ti 1961. Kóòtù ìbílẹ̀ dá obìnrin kan lẹ́bi nítorí panṣágà, ilé-ẹjọ́ gíga sì fagi lé e, torí kò sí òfin àkọsílẹ̀ tó sọ ọ́ di ọ̀ràn. Ìlànà yẹn ṣì wà ní abala 36 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa. Mo mọ̀ pé ìbáwí ilé-ìwé kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹ má wulẹ̀ bá mi jiyàn. Síbẹ̀ ó yẹ kí ọmọ mọ ibi tí ààlà wà kó tó kọjá rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá fi irú ọ̀rọ̀ aláìníbodè bẹ́ẹ̀ sí abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015, wọ́n sì fi mú àwọn akọ̀ròyìn. Ní 2022, kóòtù ECOWAS ní kí Nàìjíríà tún un ṣe. Ó di 2024 kí wọ́n tó tún un ṣe.

Ta ni yóò wá gbọ́ ẹjọ́? Ẹ lọ tún ẹjọ́ Garba àti Yunifásítì Maiduguri kà. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní 1983, wọ́n lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan dànù. Igbákejì ọ̀gá àgbà tó ṣe alága ìwádìí wà lára àwọn tí wàhálà náà kàn. Ní 1986, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kò tọ̀nà. Nítorí náà, olùkọ́ tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí Instagram kò gbọdọ̀ jókòó sínú ìgbìmọ̀ tí yóò bá ẹni tó ṣe é wí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àgbà tó pẹjọ́ tó tún jókòó dá a ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí ìjìyà bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, àfi ti àṣírí oníbàárà. Kí ọmọ yọ ohun tó gbé sókè kúrò, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ọdún kan. Body of Benchers ní láti gbà pé ìwà yín dára kí wọ́n tó pè yín sí iṣẹ́. Ìwà ọmọdé ọdún kìíní tó sùn sínú fáìlì lè tẹ̀ lé ọmọ dé Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ní Bwari, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ gbé e fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kó kà á lójú yín. Ẹ wá bi í pé: ṣé o lè gbé fọ́tò tí o yà lẹ́nu géètì kóòtù sórí Instagram? Èyí tí o yà nígbà tí adájọ́ wà lórí àga ńkọ́? Bí kò bá lè fi ìka tọ́ka sí ìdáhùn méjèèjì nínú ìwé náà, ẹ padà lọ tún un kọ.