Ẹrù Àti Ẹ̀gàn: Bí Ìyàtọ̀ Ipò Ṣe Ń Di Ìjà Òṣèlú

Bíbélì kíkà: 1 Àwọn Ọba 12:1–19, Jákọ́bù 2:1–9

Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ bí ìyàtọ̀ láàárín olówó àti mẹ̀kúnnù, láàárín ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kà, ṣe ń sọ ará ilé kan náà di ọ̀tá ara wọn nínú òṣèlú, àti ohun tí àwa obìnrin lè ṣe sí i.

 

Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú, ohun tí a sábà máa ń wí ni pé àwọn olóṣèlú ló tan àwọn èèyàn. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ dáná, igi gbígbẹ ló ń wá. Igi gbígbẹ tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí ni ọ̀rọ̀ ipò: ta ló ń sanwó, ta ló ń pàṣẹ, ta ló sì ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹnì kejì rẹ̀?

1. Ẹ̀kọ́ lára Réhóbóámù

Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kò wá láti dojú ìjọba dé. Ohun tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ọba tuntun dín ẹrù tí bàbá rẹ̀ dì lé wọn lórí kù. Àwọn àgbà gba ọba nímọ̀ràn pé kí ó sọ̀rọ̀ rere fún wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n jọ dàgbà ló tẹ́tí sí. Ẹ fiyè sí i pé ọ̀dọ̀ ọba ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyí wà. Àwọn kọ́ ló ń ru ẹrù náà. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí ẹrù wúwo sí i, kí a sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn lé e. Ẹ̀yà mẹ́wàá bá tiwọn lọ.

Ohun méjì ló wà níbẹ̀: ẹrù àti ẹ̀gàn. Ẹrù nìkan kì í tètè tú ilé ká, nítorí èèyàn a máa fara da ẹrù bí wọ́n bá bá a sọ ọ́ dáadáa. Ẹ̀gàn tí a gbé ka orí ẹrù ló ń tú ilé ká.

2. Ìbàdàn nígbà Adélabú

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ̀ sí ilé wa. Ní Ìbàdàn, ní nǹkan bí ọdún 1950, èèyàn oríṣi méjì ló ń gbé inú ìlú kan náà. Àwọn kan kàwé, wọ́n jẹ́ akọ̀wé, olùkọ́ àti lọ́yà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà nínú ẹgbẹ́ Ibadan Progressive Union. Àwọn tó pọ̀ jù jẹ́ àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà, tí wọ́n ń gbé agbo ilé, tí oko wọn sì wà ní abúlé. Nígbà tí àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú wọ oko, ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì rán òṣìṣẹ́ láti gé àwọn igi náà. Olóko á dúró, á máa wo igi tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú bí ó ti ń wó lulẹ̀. Ìbínú yìí ló gbé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Máyégún ga. Àwọn tó ń san owó orí náà ní ẹgbẹ́ tiwọn. Nínú ẹgbẹ́ méjèèjì ni Adégòkè Adélabú ti kó Mábọlájẹ́ jọ, tó sì so ó mọ́ NCNC.

Ẹ má ṣe rò pé Adélabú kò kàwé. Ó lọ sí Government College ní Ìbàdàn àti Yaba Higher College, ó ṣiṣẹ́ ní UAC, ó sì kọ ìwé kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1952. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí “peculiar mess” tó sọ fi di “pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì” lẹ́nu ará ìlú. Ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà agbo ilé, ó ń sọ èdè Ìbàdàn fún ará Ìbàdàn, kò sì tijú láti bá wọn jókòó. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà kò ṣe nìyẹn.

Ní 1954 ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn, ó sì di alága. Nígbà tó yá, ìjọba gbé ìwádìí dìde lórí ìgbìmọ̀ náà, àbájáde rẹ̀ sì mú kí ó fi ipò sílẹ̀ ní 1956. Lójú apá kan, ìwádìí náà fi hàn pé kò yẹ nípò. Lójú apá kejì, àwọn ọ̀mọ̀wé kò fẹ́ rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún mẹ̀kúnnù lórí àga. Ọ̀ràn kan náà ni, ojú méjì ni wọ́n fi wò ó. Kò sì sí ibi tí ojú méjèèjì ti ń pàdé.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1958, Adélabú kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ kò gbà pé ìjàm̀bá lásán ni. Wọ́n dìde sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì ní ìlú àti ní abúlé, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àwọn tí wọ́n jọ ń pọn omi ni wọ́n ń lé ara wọn kiri.

3. Ìgbà tí àwọn tó ń sanwó rí èrè owó wọn

Kí a má baà rò pé irú ìyapa bẹ́ẹ̀ kò ní oògùn, ẹ wo ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ìjọba Action Group ní Ìwọ̀-Oòrùn fi kún owó orí nítorí ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera. Àwọn èèyàn bínú, wọ́n ní ọmọ àwọn ọ̀gá ni wọn yóò fi rán nílé-ìwé. Nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954, NCNC mú ìjókòó 23 nínú 42 tó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, Action Group mú 18. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ló fìdí rẹmi ní ilé ara rẹ̀.

Ní oṣù kìíní 1955, ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò tó 460,000 ní 1954 lé ní 800,000 lọ́dún yẹn. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ akọ̀wé jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Nígbà tí ìdìbò ti agbègbè dé ní 1956, Action Group mú ìjókòó 48 nínú 80. Ní Ìbàdàn, Mábọlájẹ́ ṣì borí. Ẹ̀gàn kì í tètè kúrò lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀, ẹni tó bínú lánàá rí ibi tí owó rẹ̀ wọlé sí, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀.

4. Àgbẹ́kọ̀yà àti ilé wa

Ní 1968, ìjọba ológun ló wà, ogun abẹ́lé sì ń lọ lọ́wọ́. Owó orí wúwo, owó tí àjọ ìjọba ń san lórí kòkó kò tó nǹkan, àwọn agbowó-orí sì ń fìyà jẹ ará oko. Àwọn àgbẹ̀ dìde, wọ́n ní àwọn kò ní san ju ọ̀kẹ́ mẹ́fà lọ, ìyẹn 30 ṣílè. Ní oṣù kọkànlá wọ́n wọ́ lọ sí Gbọ̀ngàn Mápó. Rògbòdìyàn náà tàn kálẹ̀ dé 1969, ọdún tí wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbẹ̀yìn, ìgbà tí Olóyè Awólọ́wọ̀ lọ bá Táfà Adéoyè, aṣáájú wọn, sọ̀rọ̀, tí ìjọba sì dín owó orí kù, ni ìlú tó rọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Tíṣà ni bàbá mi ní Ìbàdàn. Àgbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí a ń pè ní Bàbá Oko. Kò sí Kérésìmesì tí kì í ru iṣu àti ẹ̀lúbọ́ wá fún wa. Ọmọ rẹ̀ kan ń gbé lọ́dọ̀ wa, a jọ wà ní kíláàsì kan. Lọ́jọ́ kan, nídìí oúnjẹ, bàbá mi sọ pé, “Kí ni ará oko mọ̀ nípa owó orí? Kí wọ́n lọ máa kọ ebè wọn.” Ọmọ náà gbọ́, ó sì lọ sọ ọ́ nílé.

Bàbá Oko wá fúnra rẹ̀. Kò pariwo. Ó di ẹrù ọmọ rẹ̀, ó wí pé, “Tíṣà, ẹ ṣeun. Ebè tí à ń kọ yẹn ni wọ́n fi ń san owó oṣù yín.” Ó bá tirẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́jọ ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà wa. Ìyá mi ni kò ní ibi kankan tí yóò fara sí láàárín ọkọ àti ẹ̀gbọ́n. Ọmọ náà kò padà sí ilé-ìwé mọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó mọ ìṣirò jù mí lọ. Èmi ni mo di tíṣà.

5. Àwa náà ńkọ́?

Mo rò pé mo ti kọ́gbọ́n, àṣé n kò tíì kọ́ ọ. Ẹ ó rántí ìgbà tí owó náírà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, kí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tó sọ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́. Àwa tí a ní owó ní báǹkì ń fi fóònù sanwó. Àwọn tó ń ta ata àti ẹ̀fọ́ ń kó ọjà wọn dànù. Ní àkókò yẹn gan-an ni a ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ san owó àjọ̀dún, kí ẹni tó bá pẹ́ san owó ìtanràn. Lẹ́yìn ìdìbò, mo dìde nínú ìpàdé, mo ní, “Àwọn tó gba ìrẹsì dìbò ló bá ayé wa jẹ́.”

Arábìnrin kan tó ń ta ata dìde, ó ní, “Mọ́mì, ẹ̀yin ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Ta ló bi mí léèrè ohun tí àwọn ọmọ mi jẹ lọ́sẹ̀ yẹn?” Ó jókòó. Láti ọjọ́ náà a kò rí i mọ́. Ohùn bàbá mi ni mo gbọ́ lẹ́nu ara mi.

N kò sọ pé títa ìbò dára. Òfin ìdìbò ti 2022 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀, fún ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò bi léèrè nígbà tí ebi ń pa á, báwo ni yóò ṣe gbọ́ ìwàásù wa nígbà ìdìbò? Ẹni tó gbé ìrẹsì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni yóò dà bí ọ̀rẹ́ lójú rẹ̀.

Mo lọ sí ìsọ̀ arábìnrin náà. Mo jókòó lórí àpótí, mo sì tọrọ àforíjì lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ti padà sáàárín wa báyìí. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó fẹ́ràn kọ́ ni mo fẹ́ràn, ṣùgbọ́n a lè sọ ọ́ láìbínú.

6. Ohun tí a lè ṣe

(a) Kí a tó bu owó lé ọmọ ẹgbẹ́ lórí, kí a kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tí yóò ṣòro fún jù.
(b) Kí a má ṣe jókòó sọ́dọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa nìkan. Kí ìyàwó ọ̀gá àti aláta jọ wà nínú ìgbìmọ̀ kan náà.
(d) Kí a ṣọ́ ẹnu wa lójú àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí a sọ nídìí oúnjẹ lè gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn.
(e) Kí ẹni tó kàwé ṣàlàyé ibi tí owó ń lọ, kí ó sì fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló mú kí ìdáhùn Réhóbóámù burú ju ẹrù tí àwọn èèyàn ń rù lọ?
2. Kí ni ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 kọ́ wa nípa owó orí àti ìfọkàntán?
3. Ta ni kò wá sí ìpàdé wa mọ́? Ta ló ti lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láti béèrè ìdí?

Kí Olúwa fún wa ní etí tó ń gbọ́ àti ẹnu tó ń tún ilé ṣe. Àmín.