Ọ̀RỌ̀-ÌṢE 'MÁNÉÈJÌ' LẸ́NU ARÁ ẸDẸ

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín: 'mánéèjì', tí a yá láti inú 'manage' ti èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá yá a ni. Láàárín ọdún 1500 sí 1600 ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì, tí ń pè é ní 'maneggiare'. Ọwọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, nítorí 'manus' ni èdè Látìn ń pe ọwọ́. Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó fún: kí ènìyàn di ìjánu mú, kí ẹṣin sì máa gbọ́ tirẹ̀. Bí Yorùbá náà ṣe rò ó nìyẹn. Ṣebí apá ló wà nínú 'kápá', ọwọ́ ló sì wà nínú 'ìkáwọ́'. A kò yá a nítorí àìní ọ̀rọ̀.

Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, a fi fáwẹ̀lì kún ìparí rẹ̀, nítorí sílébù Yorùbá kì í fi 'j' parí. A ń sọ pé 'mánéèjì rẹ̀' bí a ti ń sọ pé 'gbàgbé rẹ̀'. A tilẹ̀ ń ṣe àpètúnpè ẹlẹ́bẹ fún un: 'mímánéèjì'. Ó ti di ọmọ ilé.

Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà. Ní ọjà Òwódé, l'Ẹ́dẹ, bí oníṣu bá ní 'Ẹ bá mi mánéèjì ẹ̀', ohun tó ń sọ ni pé iṣu náà kò tó owó rẹ̀, kí n gbà á bẹ́ẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní òun ń mánéèjì yàrá, ẹ má rò pé ó ní ilé tó ń bójú tó. Yàrá náà ń jò ni. Lóòótọ́, Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ń lò ó fún fífi díẹ̀ ṣe púpọ̀, ṣùgbọ́n àṣeyọrí ni tiwọn ń sọ. Nínú tiwa, ìjánu ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni náà; ẹṣin ló ń gbé e lọ.

Ní ọdún kìíní mi ní yunifásítì, mo máa ń pe ìyá mi l'Ẹ́dẹ lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí mo bá bi wọ́n pé, 'Màámi, báwo ni oúnjẹ nílé?', wọn a ní, 'À ń mánéèjì.' Èmi tí mo ń fi ojoojúmọ́ ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, bí Gẹ̀ẹ́sì ni mo ṣe gbọ́ ọ: apá wọn ń ká a. Mo ní kí wọ́n fi owó ìwé ránṣẹ́. Wọ́n fi í ránṣẹ́. Nígbà tí mo délé fún ìsinmi, ẹ̀rọ ìránṣọ wọn kò sí nídìí fèrèsé mọ́. Mo bi àbúrò mi léèrè.

Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọn ò sọ fún yín ni?'

Wọ́n sọ fún mi. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́.