Àkànní, Ìwé Àwòrán Tó Wà Lábẹ́ Ibùsùn Rẹ Ńkọ́?

Àkànní, sún mọ́ mi. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, èmi ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Mo gbá yàrá rẹ láàárọ̀, ni mo bá rí ìwé àwòrán kan lábẹ́ ibùsùn, eruku ti bò ó. Ìjàpá ló wà níbẹ̀, nílé àna rẹ̀, tó fi fìlà bo ẹ̀bẹ gbígbóná mọ́ orí, tí òógùn ń ro tó-tó-tó létí rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣé ìwọ lo ya irú èyí, tí o wá jù ú sábẹ́ ibùsùn? Àbúrò rẹ ní ọ̀rẹ́ kan ló sọ fún ọ pé ẹnì kan ti fi Ìjàpá ṣe kátúùnù rí, pé wọn á pè ọ́ lẹ́jọ́.

Ó dáa. Ìwọ tí ẹ̀rù ẹjọ́ ń bà nítorí Ìjàpá yìí náà ni wọ́n ní ó ń da fíìmù tuntun sórí fláàṣì fún àwọn èèyàn ní ibùdókọ̀, tó ń gbowó lọ́wọ́ wọn. Ibi tí òfin ti gbà ọ́ láyè lò ń sá fún, ibi tó ti kọ̀ fún ọ lo wá tẹ́ ẹní sí! Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi?

Gbọ́. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù lóṣù kẹta ọdún 2023 kò fi èrò lásán ṣe ohun ìní ẹnikẹ́ni. Bí èèyàn ṣe kọ ọ́, bó ṣe yà á, bó ṣe kọ ọ́ lórin, ìyẹn ni tirẹ̀. Má wo Ìjàpá ẹlòmíì yà, má gbé orin rẹ̀ sínú tìrẹ. Ṣùgbọ́n Ìjàpá fúnra rẹ̀ àti ẹ̀bẹ tó jí, ìyá wa àgbà ti ń pa á lálọ̀ọ́ kí bàbá rẹ tó gbọ́njú. Òfin yẹn náà gbà kí o mú àlọ́ ìlú ṣe iṣẹ́ tìrẹ, kí o sáà sọ ibi tó ti wá. Bí ìyá kan bá ń ta mọ́ínmọ́ín ládùúgbò, ṣé ẹlòmíì ò gbọdọ̀ tà á ni? Ẹni tí tirẹ̀ bá dùn jù la ó tò sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ti fíìmù yàtọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ta ilẹ̀ kó fi ṣe fíìmù. Ọ̀sẹ̀ kejì tó jáde, ó ti dé orí fláàṣì ká gbogbo ọjà. Kò ṣe òmíràn mọ́ láti ọjọ́ náà. Irú rẹ lọ́nà ibùdókọ̀ ló pa iṣẹ́ yẹn, Àkànní, mi ò lè fi bò fún ọ.

Kì í ṣe gbogbo òfin yẹn ló tẹ́ mi lọ́rùn o. Òǹkọ̀wé wa Fágúnwà kú lọ́dún 1963. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kò ní tán títí ọdún 70 lẹ́yìn tó bá kú, nítorí náà, títí ọdún 2033 yóò fi parí, ó di dandan kí o tọrọ àyè kí o tó lè sọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ di kátúùnù. Ti Fágúnwà ṣì dáa, a mọ ẹni tí a lè bi. Àwọn ìwé Yorùbá tí a kà nílé ìwé nígbà èwe mi ńkọ́, tí ilé ìtẹ̀wé wọn ti kógbá sílé, tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọmọ òǹkọ̀wé wà? Ẹni tó fẹ́ tún un tẹ̀ ń bẹ̀rù, ẹni tó fẹ́ kà á kò rí i rà. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ àkọ́kọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1710, ọdún 14 ló fún ìwé tuntun, ó sì tún fi 14 lé e bí òǹkọ̀wé bá ṣì wà láyé. Lójú tèmi, ìyẹn súnmọ́ òdodo ju ọdún 70 lẹ́yìn ikú lọ.

Lọ pa àwọn fíìmù yẹn rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà rẹ kí o tó jẹun alẹ́. Mo ra pẹ́ńsù aláwọ̀ méjìlá bọ̀ lọ́jà, ó wà nínú báàgì mi. Gbé ìwé náà wá, ẹ̀bẹ orí Ìjàpá yẹn kò tíì ní àwọ̀.