Oníbàárà, Ìyá Olóúnjẹ àti Ọmọ Tí Ń Gbé Àwo

Ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ ni a fẹ́ kà lónìí.

Púpọ̀ nínú wa kì í jẹun ọ̀sán nílé mọ́. Alábàárù, awakọ̀, télọ̀, oníṣòwò aṣọ, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, gbogbo wọn ni í wá búkà lọ bí oòrùn bá ti kan àtàrí. Bí a bá sọ̀kalẹ̀ láti gbọ̀ngàn Mapo, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, tí a wọ Ọjà'ba, tàbí tí a gba Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrunka kọjá, òórùn ewédú àti ata yóò pàdé wa lọ́nà. Àwọn àgbà Ìbàdàn a máa sọ pé nígbà tí ogun tú ìlú àkọ́kọ́, òro àti ìgbín ni Lágelú àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń jẹ lórí òkè, ìkarahun ìgbín ni wọ́n sì fi ń mu ẹ̀kọ. Lónìí, oúnjẹ wà lójú ọ̀nà. Kí a jẹ ẹ́ tán láìjà ni ó kù.

Nítorí kí ni a ṣe máa ń jẹ àmàlà ní ibì kan tí inú wa yóò dùn, tí a ó sì jẹ irú àmàlà kan náà ní ibòmíràn tí a ó máa ráhùn jáde? A mọ̀ pé ọwọ́ ọlọ́bẹ̀ kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kọ́ ni a fẹ́ sọ. Bí wọ́n ti gbà wá, bí àwa náà ti dá wọn lóhùn, àti bí ẹni tí ó ni búkà ti ń lo àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́, òun ni a fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí a wọ búkà kan ní agogo kan ọ̀sán. Ẹnì kan jókòó ti ìkòkò àmàlà. Òun ni í bu àmàlà sí àwo, tàbí kí ó mú èyí tí wọ́n ti wé sínú ọ̀rá. Ẹnì kejì ni ọlọ́bẹ̀. Gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata wà níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá ní, "Àbùlà ni kí ẹ fún mi," ó mọ̀ pé kí òun dà wọ́n pọ̀. Ẹnì kẹta ń yọ ẹran: ṣàkì, ẹ̀dọ̀, pọ̀nmọ́, ògúnfe. Ìyá olóúnjẹ fúnra rẹ̀ sábà máa ń jókòó síbi owó. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni àwọn ọmọ tí ń gbé àwo kiri, tí ń bu omi, tí ń nu tábìlì, tí ń fọ abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ni ojú wa ń rí jù, àwọn náà ni ọ̀pọ̀ oníbàárà kò mọ orúkọ wọn.

Ibi ẹran ni ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà nawọ́ sí ẹran kan, ó ní, "Fi ìyẹn sí i." Kò bèèrè iye rẹ̀. Ẹni tí ń yọ ẹran náà kò sọ. Ó jẹun tán, ó fọwọ́, ó dé ibi owó, wọ́n ní owó rẹ̀ tó báyìí. Ó ní, "Háà! Ẹran wo ni mo jẹ?" Ẹran ti wọ inú ikùn, kò sí ẹni tí ó lè gbé e padà sórí tábìlì kí a wò ó. Ìyá olóúnjẹ lè jàre. Oníbàárà náà lè jàre. Ta ni ẹlẹ́rìí? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni ìbá ti pa ìjà yìí kí ó tó bẹ̀rẹ̀: "Èló ni ìyẹn?"

Ìyá olóúnjẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa kọ iye owó sí pátákó, kí ó gbé e síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Owó èlùbọ́ àti ata kì í dúró lójú kan, nítorí náà ṣọ́ọ̀kì ni kí ẹ fi kọ ọ́, kí ó lè ṣeé pa rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà báyìí, ẹ máa ka pátákó kí ẹ tó jókòó. Bí ẹ bá rí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà, ẹ kà á sí i létí ní ohùn jẹ́jẹ́. Kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣe fáàrí.

Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹran, nítorí ọbẹ̀ ní èènì nínú. Bí àmàlà bá ṣẹ́ kù tí ọbẹ̀ tán, oníbàárà a ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọbẹ̀ lé e," wọn a sì fi lé e. Ìyá tí ó bá kanra mọ́ ènìyàn nítorí ìpọn ọbẹ̀ kan, wọn yóò dárúkọ rẹ̀ dé Ìdí Arẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ òkèlè mẹ́ta tí ó tọrọ ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àwa kò ní bá a dá sí i.

Ti ìmọ́tótó kò ní gùn, nítorí a gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Abọ́ omi kan tí ènìyàn mẹ́wàá ń ti ọwọ́ bọ̀ kì í fọ ọwọ́. Ìdọ̀tí ni ó ń pín kiri, irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ sì lè gbé àrùn onígbáméjì dé ara ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí omi máa ṣàn sí wa lọ́wọ́, kí ọṣẹ sì wà níbẹ̀. Nígbà àrùn kòrónà ní 2020, a rí garawa ẹlẹ́nu ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ káàkiri. Ibi tí ó bá ṣì wà, ẹ yìn wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti là á yé wa pé oúnjẹ tí a ti sè kò yẹ kí ó wà nílẹ̀ ju wákàtí méjì lọ láìsí iná lábẹ́ rẹ̀ tàbí ẹ̀rọ amómitutù. Èyí tí a ń tà gbọ́dọ̀ máa gbóná. Gbẹ̀gìrì ni kí ẹ ṣọ́ jù, nítorí ẹ̀wà a máa tètè kan.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ìtò. Àwọn ènìyàn ti tò, alábàárù kan wà níwájú, òógùn bò ó. Alhaji kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó kọjá lára gbogbo wọn, ó ní, "Ìyá, ẹ dá mi lóhùn kíákíá." Ìyá sì dá a lóhùn. Lójú ìyá, ó bọ̀wọ̀ fún ẹni ńlá ni. Bí arúgbó ni, tàbí aboyún, kò sí ẹni tí yóò bínú. Àṣà wa ni pé kí a yọ̀ǹda fún wọn. Ṣùgbọ́n owó kì í ṣe ọjọ́ orí. Alábàárù tí ó san owó tirẹ̀ ti san owó àyè rẹ̀ pẹ̀lú. Ó lè má fọhùn lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ti wà ní búkà tí ó kọjú sí i.

Ohùn ẹnu ńkọ́? Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Àwa oníbàárà a máa pòṣé pe ọmọ tí ń gbé àwo. A máa fi ọwọ́ lu tábìlì. A ní, "Ìwọ! Ṣé o kò rí mi ni?" Kí ló burú nínú "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, omi," tàbí "Ọmọ mi, wá nu ibí yìí fún wa"? Bí ọmọ náà bá sì wí pé, "Ẹ kú ìkàlẹ̀ sà, ó ń bọ̀," ọ̀pọ̀ ènìyàn lè fara dà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tí í dun ẹni tí ebi ń pa ni pé kò mọ̀ bóyá wọ́n ti gbàgbé òun.

Ẹ wo ọmọbìnrin kan báyìí, ẹ kò ní pẹ́ rí irú rẹ̀. Ó jí ní ìdájí láti já ewédú àti láti fọ ìkòkò. Nígbà tí agogo méjì ọ̀sán lù, kò tíì jẹun, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ni ó ń gbé kọjá imú ara rẹ̀ láti àárọ̀. Oníbàárà kan na ẹsẹ̀ sójú ọ̀nà. Ọmọ náà kọsẹ̀, àwo mẹ́ta fọ́. Oníbàárà pariwo nítorí ọbẹ̀ ta sí i láṣọ. Ìyá olóúnjẹ pariwo nítorí àwo. Ní ìparí oṣù, wọ́n yọ owó àwo, wọ́n yọ owó ọbẹ̀, wọ́n tún yọ owó ọkùnrin kan tí ó jẹun tí ó sá lọ. Ohun tí ó kù kò tó nǹkan. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, bí a bá pè é, kò ní yára. Bí ìyá bá yí ẹ̀yìn, yóò ju ẹran sẹ́nu. Àwa oníbàárà a ní, "Àwọn ọmọ ibí yìí kò lẹ́kọ̀ọ́." Ǹjẹ́ níbo ni ẹ̀kọ́ náà ti bàjẹ́?

Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, púpọ̀ nínú wa ni kò sì mọ̀. Òfin Iṣẹ́ ti ilẹ̀ Nàìjíríà, ti 1974, sọ pé ẹni tí ó gba ènìyàn síṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ yọ nínú owó rẹ̀ bí ó ti wù ú. Bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí ó ṣe àìbìkítà, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda nínú ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kí ó tó yọ iye tí ó mọ níwọ̀n. Òfin kan náà ní bí ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, ìsinmi rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí kan. Ó sì gbọ́dọ̀ ní odindi ọjọ́ kan fún ìsinmi nínú ọjọ́ méje.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní ihò tirẹ̀. Kò ka ẹbí ọ̀gá mọ́ òṣìṣẹ́, ẹ sì mọ̀ pé nínú búkà, "ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni" pọ̀. Ti owó oṣù náà ńkọ́? Ní July 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦70,000, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Búkà mélòó ní Ọjà'ba ni ó ní ènìyàn 25? Nítorí náà, ohun tí ọmọ náà àti ìyá olóúnjẹ bá jọ fi ẹnu kò lé lórí ni yóò dúró, ó sì yẹ kí ó hàn kedere.

Ìyá olóúnjẹ yóò bi wá pé, "Ta ni yóò wá san owó àwo mi?" Ìbéèrè gidi ni. Èlùbọ́ wọ́n, igi àti gáàsì wọ́n, àwọn kan sì ń jẹ àwìn tí wọn kò ní san. Ṣùgbọ́n àwo tí í fọ́ jẹ́ ara ìnáwó òwò, bíi ti gáàsì. Ẹni tí ó bá ń fi díẹ̀ pamọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún àwo, ọjọ́ tí ó bá fọ́ kò ní dà bí ọ̀fọ̀. Ti ẹni tí ó jẹun sá lọ, oògùn rẹ̀ rọrùn: kí a gba owó kí a tó bu oúnjẹ. Àwọn oníbàárà kan ka èyí sí àbùkù, wọn a ní, "Ṣé mo jọ olè ni?" Kò sí àbùkù níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi fóònù sanwó, ibi owó ni kí a ti dúró kí owó wọlé. Kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ tí ń gbé àwo láti máa sáré tẹ̀lé oníbàárà dé ìta nítorí tiransífà tí kò dé.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ wa púpọ̀ wà, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn gbà láti 1991 pé kí ọ̀gá máa san dọ́là 2.13 péré ní wákàtí kan fún ẹni tí ń gbé oúnjẹ, bí owó tí àwọn oníbàárà ń fi lé e lọ́wọ́ bá lè sọ ọ́ di dọ́là 7.25. Bí kò bá tó, ọ̀gá ni yóò fi kún un. Èyí ni ó fà á tí oníbàárà ibẹ̀ tí kò bá fi nǹkan sílẹ̀ fi máa ń dà bí ahun. Àwa kò fẹ́ irú rẹ̀ níbí. Kò yẹ kí oúnjẹ alẹ́ ọmọ kan máa wá láti inú bí inú oníbàárà bá ṣe dùn sí. Bí ẹnì kan bá ní, "Gba ṣéńjì yẹn," ó dára, kí ìyá má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó rántí ẹni tí ń fọ abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú, nítorí oníbàárà kì í rí i.

Òfin Iṣẹ́ tún ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí ó sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ti rí, kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹ̀yin tí ẹ ní búkà, ẹ mú ìwé kan àti bírò. Ẹ kọ orúkọ yín àti orúkọ ọmọ náà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí yóò máa ṣe, iye owó rẹ̀, ọjọ́ tí yóò máa gbà á, agogo tí yóò máa wọlé àti èyí tí yóò máa jáde, ìgbà tí yóò máa jẹun ọ̀sán, àti ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ẹ jọ kà á jáde pẹ̀lú ohùn, kí ẹ̀yin méjèèjì fi ọwọ́ sí i. Ẹ da ìwé náà kọ ní ẹ̀ẹ̀kejì, kí ọmọ náà mú ọ̀kan lọ sílé.