Ibo la lè lọ ká sì padà lọ́jọ́ kan náà?

Ìbéèrè: Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá lo ìsinmi láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin làwọn máa ń wọ̀ lọ sí etíkun Brighton láàárọ̀, àwọn á sì padà sílé lálẹ́. Èkìtì ò ní òkun. Níbo ni kí n mú wọn lọ?
Ìyá Ìbejì, Adó-Èkìtì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, Ìkógòsì ni kẹ́ ẹ mú wọn lọ. Ẹ gba Ìyìn, Ìgèdè, Àrámọkọ àti Èrìjíyàn. Omi gbígbóná ń sun níbẹ̀ látinú ilẹ̀. Ooru rẹ̀ tó nǹkan bí 37°C lójú ìsun, bí ooru ara èèyàn. Ó ń pàdé omi tútù nísàlẹ̀. Kí àwọn ọmọ ti ẹsẹ̀ kan bọ gbígbóná, kí wọ́n ti ìkejì bọ tútù. Ẹ̀rín ló kù. Òkúta ibẹ̀ ń yọ̀, ẹ wọ bàtà tó máa ń dì mọ́lẹ̀. Bílẹ̀ ò bá tíì ṣú, ẹ yà sí ìṣàn omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò, kò jìnnà. Ẹ tètè kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì fi iyán sínú kúlà dání.