Bí Ọkọ̀ Akẹ́rù Bá Kọ̀ Láti Gun Òkè: Ẹ̀kọ́ fún Àgbẹ̀ àti Àwọn Tí Ń Ra Ìrè Oko

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé tòmátì kì í dúró de ọkọ̀. Bí ọkọ̀ tí ó gbé e bá ń fà tìkọ̀ lójú ọ̀nà, ohun tí ó jẹ́ owó ní òwúrọ̀ lè di ohun ìdànù ní alẹ́. Èyí tí ó tún burú jù ni pé awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní agbára, tí ó sì fẹ́ kọjá ọkọ̀ mìíràn lórí òkè, ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn wewu. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi ọ̀nà hàn yín, kí ẹ lè mọ ìdí rẹ̀ bí ẹ bá tẹ iná mọ́ ọkọ̀ tí kò sì sáré.

Ṣé ibi ni, tàbí àrùn?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Johannesburg ní Gúúsù Áfríkà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá kan ń gbé tí wọ́n sì ń ṣòwò, tí ọjà ńlá ìrè oko sì ti wà ní City Deep láti ọdún 1974. Ìlú náà fi nǹkan bí mítà 1,750 ga ju òkun lọ. Durban ní tirẹ̀ wà létí òkun. Afẹ́fẹ́ orí òkè fúyẹ́ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì kò lè jó epo láìsí afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí iná kì í ti í jó nínú ìkòkò tí a dé. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, èyíinì ni ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú agbára, a máa pàdánù nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 agbára rẹ̀ ní gbogbo mítà 1,000 tí ó bá gùn. Nípa bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí ó ní agbára ẹṣin 100 ní Durban kò ní ju nǹkan bí 83 lọ ní Johannesburg. Jos wa náà, tí ó ga tó nǹkan bí mítà 1,200, ń gba ìpín tirẹ̀.

Èyí kì í ṣe àrùn. Àmì rẹ̀ ni pé kì í yí padà: bí ó ti rí lánàá ni ó rí lónìí, gbogbo ọkọ̀ irú rẹ̀ ni ó sì ń bá jà. Ẹ dín ẹrù kù, ẹ sì tètè bọ́ sí jíà ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá gun òkè kan pẹ̀lú ẹrù kan ní oṣù tí ó kọjá, tí kò sì lè gùn ún pẹ̀lú ẹrù kan náà lónìí, òkè kọ́, ọkọ̀ ni.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí kò ná yín lówó

1. Kílọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké sókè tí ọkọ̀ kò sì yára sí i, ẹ́ńjìnnì kò jẹ̀bi. Kílọ́ọ̀ṣì ni ó ń yọ̀.

2. Bíréèkì. Lẹ́yìn ìrìn bí kìlómítà mẹ́wàá, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ àgbá kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi kàn án. Bí ọ̀kan bá gbóná ju ìyókù lọ, bíréèkì rẹ̀ kò tú.

3. Asẹ́ afẹ́fẹ́. Ní àgbègbè Johannesburg, ìgbà òtútù, láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹjọ, ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà náà ni wọ́n sì ń kórè àgbàdo, tí eruku àti ìyàngbò gba ojú ọ̀nà oko. Ẹ yọ asẹ́ náà, ẹ gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á kọjá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi omi fọ asẹ́ oníbébà, ẹ má sì wa ọkọ̀ láìní asẹ́, nítorí eruku yóò jẹ inú ẹ́ńjìnnì run.

4. Rọ́bà tọ́bò. Bí ọkọ̀ oní-dísù bá ń tú èéfín dúdú, tí ẹ sì ń gbọ́ ohùn bí ìgbà tí a bá súfèé, ẹ wò ó bóyá rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ti ya tàbí ó ti tú.

Ohun tí ó kan mẹkáníìkì

5. Epo. Bí ọkọ̀ bá ń lọ dáadáa ní ìrọ̀rùn, tí ó ń kú lọ bí ẹ bá tẹ iná mọ́ ọn lórí òkè, epo kò tó o. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ asẹ́ epo. Lẹ́yìn náà kí mẹkáníìkì fi gééjì wọn agbára pọ́ǹpù.

6. Pílọ́ọ̀gì. Bí ọkọ̀ bá ń ta gìrì, tí iná kékeré alámì ẹ́ńjìnnì níwájú awakọ̀ sì ń ṣẹ́jú, ẹ dẹwọ́ eré, ẹ sì wá àtúnṣe ní kíá. Epo tí kò jó yóò lọ jó nínú sàlẹ́ńsà, yóò sì ba ohun tí ń fọ èéfín mọ́ níbẹ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni owó pílọ́ọ̀gì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó èyí.

7. Sàlẹ́ńsà tí ó dí. Ọkọ̀ tí kò lè mí èéfín jáde kò lè mí afẹ́fẹ́ sínú. Agbára rẹ̀ a máa dínkù díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí mẹkáníìkì bá so gééjì ìfà-afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì oní-pẹtiróòlù, tí ó mú un dúró lórí eré kan, tí ọwọ́ gééjì sì ń lọ sílẹ̀ ṣáá, ẹ fura sí sàlẹ́ńsà.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ gééjì yìí dáradára, nítorí ó ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí gbèsè. Létí òkun, ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá a máa fi nǹkan bí íǹṣì 18 sí 21 hàn bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n nǹkan bí íǹṣì kan ni ó ń dín ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 1,000. Johannesburg ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5,700 lọ; nítorí náà íǹṣì 13 sí 15 kì í ṣe àìsàn níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi òǹkà etí òkun dá ẹ́ńjìnnì yín lẹ́bi lórí òkè, tí ó ní kí ẹ ra òmíràn, ẹ bi í bóyá ó ti yọ gíga ìlú kúrò.

Ní ìparí, ẹ ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sínú rẹ̀, ẹ kọ ìwọ̀n ẹrù, òkè tí ọkọ̀ kọ̀, àwọ̀ èéfín rẹ̀, àti bóyá ó gbóná tàbí kò gbóná. Ẹ gbé e fún mẹkáníìkì kí ó tó ṣí ohunkóhun. Ẹ pààrọ̀ ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tún gun òkè kan náà wò. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tú èèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fara balẹ̀ wádìí ọkọ̀ rẹ̀ ni ìrè oko rẹ̀ yóò dé ọjà ní tútù.